Ta Ni Kí A Fọ̀ Nínú Táyé àti Kẹ́hìndé?

"Ẹ ti gba omi òòjọ́ yín láàárọ̀ yìí, ní Wàrì," ni ẹ̀rọ omi wí fún Bùrọ̀dá Àgbà, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé.

Bùrọ̀dá Àgbà dúró síwájú ẹ̀rọ náà pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí. "Wàrì wo? Ìgbò-Ọrà nìyí! Ta ló wà ní Wàrì?"

"Ẹ̀yin ni," ẹ̀rọ dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ẹ padà wá lọ́la."

"Ṣé o rí ayé, Ìdòwú? Irin lásán ló ń sọ ibi tí mo wà fún mi."

Ìdòwú, àbúrò rẹ̀ obìnrin, gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé ojú ara rẹ̀ síwájú ẹ̀rọ, omi sì dà. Ó ti di oṣù kẹta tí ọkùnrin náà ti ń mu omi lórí orúkọ àbúrò rẹ̀. Fún ẹni tó fẹ́ràn ipò àgbà tó bẹ́ẹ̀, ìtìjú gbáà ni.

"Ẹ mu ún kíá, Bùrọ̀dá, ká wọlé. Tí oòrùn bá kan àtàrí, kò ní sọ ti Wàrì fún yín mọ́. Á ní wọn ò bí yín rárá ni."

"Ẹnu ẹ ò dáa."

"Òótọ́ ni mo sọ."

Òótọ́ náà ni. Kẹ́hìndé ni orúkọ tí Bùrọ̀dá Àgbà gbé wá sáyé, ìkejì rẹ̀ Táyé sì ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ní Wàrì. Ojú kan náà ni Ọlọ́run fún àwọn méjèèjì, títí dé ibi tí irun ti kọ́kọ́ funfun lágbárí wọn. Àká Òfurufú, níbi tí gbogbo ayé ń kó orúkọ, àwòrán àti ìwé wọn sí, kò fẹ́ kí ohun kan wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí o bá fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì, á tọ́jú ọ̀kan, á da èkejì nù, kí àyè má bàa há. Kò sí ẹni tó bínú nígbà tó jẹ́ pé àwòrán ni. Ìgbà tí wọ́n ní kí Àká máa fi ojú mọ èèyàn ni wàhálà dé. Òní gan-an sì ni Ọjọ́ Ìgbálẹ̀. Ní ọ̀sán gangan, gbogbo ojú tó bá jọ ara wọn, tí kò bá sí ẹlẹ́rìí lórí ilẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìgbà ìbí wọn, pé méjì ni wọ́n, Àká yóò sọ wọ́n di ẹnì kan ṣoṣo. Ẹnì kan, orúkọ kan, omi ẹnì kan.

Ní ìlú mìíràn, ọ̀rọ̀ èèyàn mẹ́rin márùn-ún ni ìyẹn. Ní Ìgbò-Ọrà, ilé tí o bá rí tí kò sí ìbejì níbẹ̀, àlejò ló ń gbé ibẹ̀. Láti ìdájí ni wọ́n ti kún iwájú Ilé Ìfọ̀, ibi tí Àká ti ń gba ẹlẹ́rìí, ní méjì méjì, àgbà àti ọmọdé, àwọn abiyamọ pọn ọ̀kan, wọ́n gbé èkejì sáyà. Igba ìbejì ó lé méje ni wọ́n. Bí Ìdòwú ṣe ń gba àárín wọn kọjá ni wọ́n ń kí i.

"Ìdòwú, ìwọ la gbójú lé o!"

"Ẹ fọkàn balẹ̀," ó ń dá wọn lóhùn. "Iṣẹ́ mi ni."

Kì í ṣe ìgbéraga. Ọdún méjìlá ló fi ń fọ dísíìkì, tó ń pa ohun inú wọn rẹ́ kí wọ́n lè gba tuntun, ní oko-oòrùn Sókótó, níbi tí wọ́n ti ń fi oòrùn ṣe iná, tí iyanrìn sì ń wọ ohun gbogbo títí kan iyọ̀ inú ọbẹ̀. Ó mọ dísíìkì tó ṣì lè ṣiṣẹ́, ó mọ èyí tó ti kú. Bó bá gbé e sétí nígbà tó bá ń yí, ó ti tó fún un.

Ilé Ìfọ̀ tutù, ó sì mọ́ tónítóní. Tábìlì kan ló wà níbẹ̀, àti ẹ̀rọ kan tó gba gbogbo ògiri. Ẹnu méjì ni ẹ̀rọ náà ní: Ẹnu Ìfọ̀ lápá òsì, Ẹnu Ìkàwé lápá ọ̀tún. Ọ̀gbẹ́ni Akíngbadé, òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbé wá láti Òndó, ti gbé àpótí díńgí kékeré kan kalẹ̀ dè wọ́n. Dísíìkì méjì ló wà nínú rẹ̀, dúdú, pẹlẹbẹ, wọn ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, èdìdì pupa sì bo ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìyá wọn, tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Ìyá Agbẹ̀bí, ló fi wọ́n síbẹ̀ fún ìpamọ́ kí ó tó kú. Ó lẹ bébà mọ́ wọn lára, ó sì fi bírò kọ orúkọ sórí wọn, lẹ́tà gbàgàdà gbàgàdà. Ọ̀kan ń jẹ́ Táyé. Èkejì ń jẹ́ Kẹ́hìndé.

Bí Ìdòwú ti rí ìkọ̀wé ìyá rẹ̀ ni omi lé sí i lójú. Ó tètè nù ún nù, nítorí ọjọ́ iṣẹ́ ni.

"Kí ló wà nínú wọn?" Ọ̀gbẹ́ni Akíngbadé béèrè. "Òfin ní kí ẹ fi ẹnu ara yín wí i, mà."

"Igbe àti ẹsẹ̀," Ìdòwú dáhùn. "Gbogbo ìbejì tí Ìyá wa gbẹ̀bí wọn, ó gba igbe àkọ́kọ́ wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn sórí bébà, ó ya àwòrán rẹ̀, ó kọ wákàtí tí wọ́n dé sí i. Èyí tí ìyá Ìyá wa, tóun náà jẹ́ agbẹ̀bí, ṣe ṣáájú wà níbẹ̀, Ìyá kó o kúrò lórí fóònù ayé àtijọ́. Igbe Bùrọ̀dá mi yìí wà níbẹ̀."

"Mo ké ju ìkejì mi lọ," Bùrọ̀dá Àgbà fi kún un.

"Ṣé méjèèjì ló kún?"

"Rárá o. Ọ̀kan ló kún. Òfìfo ni èkejì." Ìdòwú tọ́ka sí àpótí náà. "Èmi ni mo ra méjèèjì fún Ìyá lọ́jọ́ kan náà, kí n tó lọ sí Sókótó. Mo ní kí wọ́n máa fi ọ̀kan ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì fi èkejì ṣe ẹ̀dà. Ìyá sọ fún mi lórí fóònù pé àwọn ti sọ wọ́n lórúkọ, pé àwọn ò tíì ṣe ẹ̀dà kankan, pé àwọn ń dúró dè mí kí n wá ṣe é. Mi ò tètè dé."

Ọ̀gbẹ́ni Akíngbadé bá a kẹ́dùn. Ọmọ èèyàn ni, bó tilẹ̀ wọ aṣọ Àká. Ó fa ojú díńgí ńlá kan tó so mọ́ àjà wálẹ̀, ó gbé e sórí dísíìkì tó ń jẹ́ Táyé.

"Dísíìkì yìí ṣàjèjì sí mi," ẹ̀rọ wí. "Ṣé kí n fọ̀ ọ́?"

Ó gbé e sórí Kẹ́hìndé.

"Dísíìkì yìí ṣàjèjì sí mi. Ṣé kí n fọ̀ ọ́?"

"Ẹ̀rọ yìí gọ̀ o," Bùrọ̀dá Àgbà wí. "Ọ̀kan kún, ọ̀kan ṣófo, ohùn kan náà ló ń fọ̀ sí méjèèjì!"

"Kò gọ̀, Bùrọ̀dá. Àtò ayé àtijọ́ ni Ìyá fi to tiwọn, ẹ̀rọ òde òní ò sì gbọ́ èdè rẹ̀ mọ́. Ohun tí kò bá ti gbọ́ èdè rẹ̀, òfìfo ló ń pè é."

"Ẹnu Ìkàwé gbọ́ ọ," Ọ̀gbẹ́ni Akíngbadé ṣàlàyé. "Àmọ́ kì í ka ohun tí kò tíì ní ibùgbé. Ẹ máa kọ́kọ́ fọ ọ̀kan, kí ẹ tò ó sí àtò tuntun, kí àyè lè wà. Lẹ́yìn ìyẹn ni Ẹnu Ìkàwé á ṣí fún èkejì. Èdìdì kan ṣoṣo ni mo sì lè já kí ìfọ̀ tó parí. Èyí tí mo bá já èdìdì rẹ̀, fífọ̀ ni. Kò sí àbámọ̀."

"A mọ̀," Ìdòwú wí. Ó yọ ìwé kan nínú àpò rẹ̀, ìwé tó ti kọ láti ilé. *Kí a fọ Táyé*, ni ó kọ síbẹ̀.

Kò ronú lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó kọ ọ́. Ọmọ Ìgbò-Ọrà wo ló máa ronú lẹ́ẹ̀mejì? Ọmọ ọdún mẹ́ta ní ìlú yẹn mọ̀ pé ẹni tó kẹ́yìn jáde ni àgbà. Ohun tó bá ṣe pàtàkì, àgbà là á fún kó tọ́jú. Dísíìkì tó kún ni àgbà, dísíìkì tó ṣófo ni àbúrò. Ọ̀rọ̀ ti parí.

Bùrọ̀dá Àgbà ka ìwé náà, inú rẹ̀ sì dùn gidigidi. "Ọmọ tó gbọ́n! Àgbà ò ṣeé fọ̀ nù."

"Ohùn ẹ̀yin méjèèjì ni òfin ń fẹ́, nítorí ọmọ ìyá ni yín," Ọ̀gbẹ́ni Akíngbadé wí.

"Ṣé ẹ̀rọ á gba tèmi, nígbà tí mo wà ní Wàrì?"

"Ojú yín ni wọ́n pa pọ̀, sà. Títí di ọ̀sán, ohùn yín ṣì wà."

Bùrọ̀dá Àgbà tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Èmi Kẹ́hìndé ní kí ẹ fọ Táyé!" Ohùn rẹ̀ rinlẹ̀ débi pé àwọn tó wà níta fèrèsé yíjú wò ó. Ẹni tó bá ti rí ibi tó ti lè fi ipò àgbà hàn kì í tètè dákẹ́, ó sì yíjú sí Ọ̀gbẹ́ni Akíngbadé. "Ẹ wò ó, ẹni tó kọ́kọ́ jáde kọ́ ni àgbà. Èmi ni mo rán an. Mo ní, 'Táyé, lọ bá mi wò ó bóyá ayé dùn.' Ó jáde, ó ké, mo gbọ́, mo mọ̀ pé ó dùn. Èmi jókòó sílé jẹ́jẹ́ mi, mi ò ṣe nǹkan kan. Ta ló ń rí àgbà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ọmọdé wà nílẹ̀?"

Ọ̀gbẹ́ni Akíngbadé rẹ́rìn-ín. "Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń wí lọ́dọ̀ tiwa. Mà, ohùn tiyín ló kù."

Ìdòwú la ẹnu láti wí i.

*Mi ò ṣe nǹkan kan.* Gbólóhùn yẹn ló há sí i lọ́kàn. Ó rí ara rẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó ń bá ìyá rẹ̀ mú iná dání ní ìyẹ̀wù aláboyún. Táyé kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀, àwọn obìnrin fẹ́ máa yọ̀, Ìyá sì gbọ́wọ́ sókè sí wọn. "Ẹ má tíì yọ̀. Ẹni tó rán an níṣẹ́ ṣì ń bọ̀." Wọn a gbé Táyé lọ. Wọn a gba igbe rẹ̀, wọn a tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọn a kọ wákàtí rẹ̀. Iṣẹ́ á ti bẹ̀rẹ̀ lára Táyé. Ìyá yóò padà jókòó sẹ́bàá aláboyún, á káwọ́ gbera, á máa dúró de àgbà tí kò tíì ṣe tán.

*Pé àwọn ń dúró dè mí.* Ẹnu ara rẹ̀ ló fi wí ìyẹn ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn.

Ó ku ìró ohùn kan kí ó pa igbe gbogbo ìlú rẹ́.

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi níwèé yẹn padà." Ó fa ìlà gba orí ohun tó kọ, ó kọ òmíràn sí abẹ́ rẹ̀. "Kẹ́hìndé ni ká fọ̀."

Bùrọ̀dá Àgbà ta gìrì. "Kí lo wí?"

"Kẹ́hìndé, Bùrọ̀dá."

"Ṣé orí ẹ pé báyìí? Kí wọ́n fọ àgbà, kí wọ́n dá ọmọdé sí? Níbo ni wọ́n ti ń ṣe é? Nílùú yìí, níṣojú gbogbo ayé!"

"Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́. Nígbà tí ẹ jókòó sílé jẹ́jẹ́ yín, ta lẹ rán jáde?"

"Táyé ni."

"Ta ló ṣiṣẹ́?"

"Táyé náà ni. Kí ló kàn mí níbẹ̀?"

"Dísíìkì méjì ni mo rà fún Ìyá. Wọ́n ń fi ọ̀kan ṣiṣẹ́, wọ́n ń dúró de èkejì. Èwo lẹ rò pé wọ́n á sọ ní Táyé? Ṣé èyí tí wọ́n ń rán níṣẹ́ lójoojúmọ́ ni, àbí èyí tó jókòó sílé tí kò ṣe nǹkan kan?"

Bùrọ̀dá Àgbà wo àpótí díńgí, ó wo àbúrò rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Tó bá wá jẹ́ pé ipò àgbà ni Ìyá wò ńkọ́, Ìdòwú? Bí gbogbo èèyàn ṣe ń wò ó?"

"A jẹ́ pé èmi ni mo pa yín rẹ́, ẹ̀yin àti gbogbo àwọn tó wà níta yẹn." Kò yí ojú kúrò lára rẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà mí, Bùrọ̀dá, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ Ìyá. Agbẹ̀bí ni wọ́n, wọn kì í ṣe afọbajẹ. Wọn kì í wo ipò. Ẹni tó ti dé àti ẹni tí ò tíì dé ni wọ́n ń wò."

"Òfin gba kí ẹ yí ọ̀rọ̀ padà lẹ́ẹ̀kan," Ọ̀gbẹ́ni Akíngbadé wí jẹ́jẹ́. "Ẹ ti lò ó. Wákàtí kan àbọ̀ ló kù, sà. Láìsí ohùn yín, mi ò lè já èdìdì kankan."

Lójú fèrèsé, àwọn ìbejì ti fi imú lẹ díńgí. Wọn ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú ilé, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé Bùrọ̀dá Àgbà ti ṣí fìlà. Kò sí ẹni tó rántí ìgbà tó ṣí fìlà níṣojú èèyàn rí.

"Kí n wá fi ẹnu ara mi wí i," ó ní. "Èmi. Kí n ní kí wọ́n fọ Kẹ́hìndé." Ó mi orí. "Àwọn àgbà ò kúkú purọ́ mọ́ yín. Ìdòwú, èṣù lẹ́yìn ìbejì!"

"Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, Bùrọ̀dá."

"La fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, má kọ́ mi." Ó wú ikọ́ díẹ̀. Kò pariwo lọ́tẹ̀ yìí. "Ẹ fọ Kẹ́hìndé." Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ sínú, bí ẹni ń gbàdúrà: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ èmi."

"Ẹ fọ Kẹ́hìndé," Ìdòwú wí tirẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Akíngbadé fi ọ̀bẹ kékeré já èdìdì pupa náà, ó sì ti dísíìkì sọ́dọ̀ Ìdòwú lórí tábìlì. Ìdòwú yí i padà láti wo ẹnu rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ki wáyà bọ̀ ọ́. Ọ̀rá tín-ín-rín kan wà níbẹ̀, ọ̀rá tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi bo ẹnu rẹ̀ kí eruku má wọ̀ ọ́. Kò ya. Ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí i láti ọjọ́ tó ti rà á.

Ó gbé e sókè kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí i.

Bùrọ̀dá Àgbà wò ó títí, ó wá àga, ó jókòó. "Kò tíì jáde," ó wí. "Kẹ́hìndé ò tíì jáde rárá."

Ìdòwú bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹkún. Ó fi èékánná ṣí ọ̀rá náà, ó ki dísíìkì bọ Ẹnu Ìfọ̀, ó sì ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

"Àfọ̀dénú ni, àbí ìfọ̀ kíákíá?" ẹ̀rọ béèrè.

"Kíákíá. Aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀ rí, omi kan ti tó o."

"Yàrá mélòó ni kí n pín in sí?"

"Ọ̀kan. Ilé kan náà ni gbogbo wọn."

"Àtò wo?"

Ó dúró díẹ̀ lórí ìyẹn. Ẹ̀rọ to àwọn àtò náà sójú díńgí níwájú rẹ̀, àtò Àká ló sì kọ́kọ́ ń tàn, ó ń yára, ó ń dán. Ìdòwú fò ó. Ó lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ó mú àtò gbogboogbò tí kò lẹ́wà, tí ẹ̀rọ àtijọ́ àti ẹ̀rọ tuntun jọ ń kà.

"Ìyẹn á falẹ̀ díẹ̀ o, mà," Ọ̀gbẹ́ni Akíngbadé kìlọ̀.

"Kó falẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ọmọ ọmọ mi dúró síwájú ẹ̀rọ kan lọ́jọ́ kan, kí ẹ̀rọ náà máa sọ fún un pé igbe ìyá rẹ̀ ṣàjèjì."

"Orúkọ?" ẹ̀rọ béèrè.

"Kẹ́hìndé." Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹnu Ìfọ̀ kùn fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé kan tàn. "Ẹ káàbọ̀, Àgbà," Ìdòwú wí fún dísíìkì náà.

Ẹnu Ìkàwé ṣí fúnra rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Akíngbadé já èdìdì Táyé. Ẹnu tirẹ̀ ti yọ́, ó ń dán, gbogbo etí rẹ̀ ti họ nítorí wáyà tó ti wọlé tó ti jáde níbẹ̀ fún ọdún méjìlá. Bùrọ̀dá Àgbà fi ìka kàn án.

Bí wọ́n ti kì í bọ Ẹnu Ìkàwé, igbe ọmọ tuntun gba yàrá náà kan. Igbe kan, òmíràn tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ dá ìkàwé náà dúró.

"Igbe méjì, ẹsẹ̀ méjì, ìyá kan, ọjọ́ kan. Wọ́n jọra. Ṣé kí n tọ́jú ọ̀kan?"

"Rárá," Ìdòwú wí.

Ìbejì kejì dé. "Wọ́n jọra. Ṣé kí n tọ́jú ọ̀kan?"

"Rárá."

"Bó ṣe máa bi yín nìyẹn títí dé òpin," Ọ̀gbẹ́ni Akíngbadé wí. "Kò sí ọ̀nà àbùjá. Bí kò bá sì gbọ́ ohùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, á tọ́jú ọ̀kan."

Títí dé ogójì, ohùn Ìdòwú rinlẹ̀. Títí dé àádọ́rùn-ún, ó ti ń há. Nígbà tó di àádọ́fà, ó wú ikọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó wí i, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ó tọ́ka sí fèrèsé.

"Bùrọ̀dá, ẹ ṣí i!"

"Mà, àwọn ará ìta..."

"Òfin ní kí ohùn èèyàn dáhùn, àbí? Ṣé ó sọ ohùn ta ni?"

Ọ̀gbẹ́ni Akíngbadé ronú sí i. Ó wo ìwé òfin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rọra pa á dé. "Kò sọ," ó wí.

Bùrọ̀dá Àgbà ṣí fèrèsé gbayawu, ó yọrí síta. "Ẹ̀yin ará ilé mi! Wọ́n ń béèrè bóyá kí wọ́n mú ọ̀kan nínú yín! Kí lẹ wí?"

"RÁRÁ!"

Láti ìgbà yẹn, kò sí ohun tí Ìdòwú ń ṣe ju pé kí ó máa wo iye tó ń gòkè. Igbe méjì, ìbéèrè kan, "Rárá!" Abiyamọ gbọ́ igbe àwọn ọmọ rẹ̀, ó mọ̀ ọ́n, ó pariwo ju gbogbo ayé lọ. Àwọn arúgbó méjì tí wọ́n jọ di ọwọ́ ara wọn mú gbọ́ tiwọn, ọ̀kan ní, "Ìwọ nìyẹn," èkejì ní, "Irọ́ ni, ìwọ ni," wọ́n sì jọ wí "Rárá" kí àkókò tó lọ.

Ọ̀kan nínú èyí tó pẹ́ jù ló gbẹ̀yìn. Ìgbà ìyá Ìyá Agbẹ̀bí ni. Igbe kékeré kan jáde, ó tín-ín-rín, ó sì kúrú, bí ẹni tí kò tíì dá ibi tó wà mọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni igbe kan bú jáde, ńlá, ó ń bínú, ó ń pàṣẹ.

"Mo sọ fún yín pé mo ké jù ú lọ," Bùrọ̀dá Àgbà wí. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Wọ́n jọra. Ṣé kí n tọ́jú ọ̀kan?"

Gbogbo ìta dákẹ́. Wọ́n mọ ẹni tó ni ìdáhùn yìí.

Ó dìde, ó dé fìlà rẹ̀. "Rárá," ó wí. "Méjì ni wá."

Ìdòwú kò fa dísíìkì Kẹ́hìndé yọ títí ẹ̀rọ fi ní, "Ó pé. Ẹ lè yọ ọ́." Ó gbé e fún Ọ̀gbẹ́ni Akíngbadé, òṣìṣẹ́ náà sì lu òǹtẹ̀ sí i ní ẹlẹ́rìí orí ilẹ̀, ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló kù kí ọ̀sán pé. Táyé ni Ìdòwú mú dání lọ sílé. Ó ti pinnu pé òun yóò ra dísíìkì kẹta, àbúrò wọn, kí ọ̀sẹ̀ tó parí, nítorí ẹ̀dà kan kì í tó.

Nígbà tí wọ́n jáde, oòrùn ti kan àtàrí. Ọ̀sán kọjá lórí wọn, kò sì sí ẹni tó dín. Bùrọ̀dá Àgbà lọ tààrà síwájú ẹ̀rọ omi, ó gbé ojú rẹ̀ sókè.

"Ẹ kú ọ̀sán, Kẹ́hìndé ti Ìgbò-Ọrà," ẹ̀rọ wí. "Omi yín rèé."

Omi kún ife náà. Kò tíì mu ún. Ó yọ fóònù, ó pe Wàrì.

"Táyé! Iṣẹ́ tí mo rán ẹ, o jẹ́ ẹ dáadáa."

"Iṣẹ́ wo?" ni ohùn tó jọ tirẹ̀ béèrè láti òkèèrè, ariwo omi òkun lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìdòwú á ṣàlàyé fún ẹ," Bùrọ̀dá Àgbà wí, ó sì gbé ife sẹ́nu. "Lọ mu omi tìẹ níbẹ̀. Mo ń mu tèmi níbí."